Àbọ̀ lórí ìbéèrè mi: Gẹ̀ẹ́sì sísọ fún iṣẹ́ ìtọ́jú èrò ọkọ̀ òfuurufú

Ẹ kú àdúrótì. Mo béèrè lóṣù méjì sẹ́yìn bí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ yìí l'Óṣogbo ṣe lè máa sọ Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara.

Gbígba ohùn ara ẹni sílẹ̀ lórí fóònù ló ṣiṣẹ́ jù. Ìgbà tí mo gbọ́ ti ara mi ni mo tó mọ̀ pé "shek-in" ni mò ń pe "check-in", tí "visa" sì ń di "fisa". Nílé ọ̀rẹ́ mi kan l'Ókè-Fìà, a máa ń fi eré dánra wò: ẹnìkan á ṣe bí èrò tí ẹrù rẹ̀ kò dé, èkejì á dá a lóhùn. Ní báyìí, "Let me check for you" ti ń jáde lẹ́nu mi kí n tó rò ó ní Yorùbá.

Alfa, Bravo, Charlie tí ẹ ní ká há sórí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe lẹ́tà A, B, C kí wọ́n má baà ṣì wá gbọ́, náà dára gan-an. Kóòdù tíkẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà, kì í dà mí rú mọ́. Fíìmù wíwò la etí wa, kò la ẹnu wa.

Ó ku èrò tó ń bínú, tó ń sáré sọ̀rọ̀: mo ṣì ń kólòlò níbẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an.