Ẹ̀rù ìgbà èwe wo ni kò tíì kúrò lára yín?

Àbẹ̀kẹ́ Ìlọrin:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti lé ní ogójì ọdún, èmi ni mo nilé, èmi ni mò ń san owó iná. Ọmọ mi da gàrí sílẹ̀ lálẹ́ yìí, mo mú ìgbálẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀, kò gbá a. Ohùn màámi ni mo gbọ́: ẹni tó bá ń gbálẹ̀ lálẹ́, oríire ilé ló ń gbá dànù. Mo mọ̀ pé gàrí lásán ni. Síbẹ̀, mo rọra tì í sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní ó di àárọ̀. Kí ni wọ́n fi sí ẹ̀yin lára ní kékeré, tí orí yín ti kọ̀ ọ́ tipẹ́, àmọ́ tí ara yín ò tíì gbọ́?

Ẹlẹ́kọ Ìjẹ̀bú:
Súfèé lálẹ́. Wọ́n ní ejò á wá. Òkè kẹrin pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé l'Ékòó, mi ò jẹ́ sú u.

Ọmọ Òjé:
Kí ọkùnrin má jẹun nínú ìkòkò, kí òjò má baà rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀. Mi ò jẹ níbẹ̀ rí. Òjò ọjọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé kánópì lọ.

Télọ̀ Òṣogbo:
Ti èmi ò ṣeé fi rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ òsì ni Ọlọ́run fún mi. Tí oúnjẹ bá dé, ìyá bàbá mi á fi àkísà di ọwọ́ náà mọ́ mi lára kí n lè fi ọ̀tún jẹ. Màá da ọbẹ̀ sára, wọ́n á tún nà mí torí ọbẹ̀. Nílé ìwé, etí rúlà ni tíṣà fi ń gbá mi léegun ìka. Mo fi ọ̀tún kọ̀wé tipátipá, kò dáa rí. Wọ́n ní olódo ni mí, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe télọ̀ lè má mọ̀: ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n rọ sísọ́ọ̀sì fún. Tí ẹ bá fi òsì mú u, irin ẹ̀ á bo ojú ilà tí ẹ ń gé. Síbẹ̀, òsì mi ni mo fi ń gé e tó ń gún. Àmọ́ tí kọsítọ́mà bá ti yọjú, màá yára gbé sísọ́ọ̀sì bọ́ sí ọ̀tún. Ọdún 22 rèé.

Ìyá kan gbé aṣọ òkè ìgbéyàwó ọmọ wọn wá, wọ́n ní àwọn ò lọ, àwọn fẹ́ dúró wò ó. Mo fi ọ̀tún gé e. Ó wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, bùbá bàjẹ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi san owó ẹ̀. Mo ní sísọ́ọ̀sì ló kú. Mi ò lè sọ pé ọwọ́ mi ló ń tì mí lójú.

Àgbà Ọ̀yọ́:
Télọ̀, pẹ̀lẹ́. Kí wọ́n na ọmọ torí ọbẹ̀ ò dáa. Àmọ́ ẹ má pè é ní ẹ̀rù, ẹ̀kọ́ ilé ni. Òsì la fi ń nùdí, ọ̀tún la fi ń jẹun. Nígbà tí gbogbo ilé ń bu òkèlè nínú àwo kan, kí lẹ fẹ́ kí àwọn baba wa ṣe? Àwọn Mùsùlùmí náà kì í fi òsì jẹun. Ẹni tó bá fi òsì na nǹkan sí mi, ó rí mi fín ni.

Ọwọ́ Méjèèjì:
Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, ọ̀tún ni mo fi ń nùdí. Èwo wá ni kí n fi kí yín?

Àgbà Ọ̀yọ́:
Ọ̀tún. Fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí o tó dé.

Ọmọ Òjé:
Bàbá, n'Íbàdàn tiwa, Òsì Olúbàdàn wà, Òsì Balógun wà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni olóyè fi ń gun àkàbà kó tó débẹ̀. Ṣé èérí lèèyàn á máa dù bẹ́ẹ̀?

Ohun tó ká mi lára rèé. Ní àdúgbò wa, a kì í pe "ṣ", "s" là ń pè. Ọwọ́ òsì, òṣì tó jẹ́ ìṣẹ́, bákan náà ni wọ́n rí létí wa. Àbúrò mi obìnrin ló ń lo òsì. Tí wọ́n bá ń gbàdúrà àárọ̀ pé kí òṣì jìnnà sílé wa, ọmọ yẹn á ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ. Ó ti lọ sílé ọkọ kó tó sọ fún mi.

Tíṣà Èkìtì:
Àkọtọ́ ya òsì àti òṣì sọ́tọ̀, ẹ wo àmì ìsàlẹ̀. Ẹ má di ẹ̀bi ru èdè.

Ọmọ Òjé:
Ọmọ ọdún márùn-ún ò lè rí àmì ìsàlẹ̀ nínú àdúrà, sà.

Ọwọ́ Méjèèjì:
Ti màámi, Ọ̀gbóni ni wọ́n ń bẹ̀rù. Òsì ni àwọn awo yẹn fi ń kí ara wọn, wọ́n wá ní tí mi ò bá jáwọ́, wọ́n á wá mú mi lọ. Mo máa ń jókòó lé ọwọ́ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Tòmíwá, Peckham:
Òsì lọmọ mi ń lò. Tíṣà wọn nílùú Ọba níbí fún un ní sísọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́ òsì, kò sẹ́ni tó bá a wí. Ẹ má sì rò pé bó ṣe rí níbí látilẹ̀ nìyẹn. George Kẹfà tó jọba wọn, ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí i, tipátipá ni wọ́n fi yí i sí ọ̀tún. Lọ́jọ́ kan, màmá mi pè wá lórí fídíò, ọmọ fi òsì juwọ́ sí wọn. Wọ́n pariwo. Ọmọ wo ọwọ́ ẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ní, "Mọ́mì, kí lọwọ́ mi ṣe?" Ẹ gbọ́ o, kí màmá mi tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti di ọwọ́ náà mú wálẹ̀. Èmi fúnra mi! Mi ò mọ ìgbà tí mo nawọ́.

Nọ́ọ̀sì Iléṣà:
Ti ilé wa, orúkọ ni. Èmi ni àkọ́bí. Lẹ́yìn mi, ọmọ mẹ́ta kú tẹ̀léra kí wọ́n tó bí àbúrò mi. Wọ́n ní àbíkú ni, wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́, wọ́n bu abẹ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Màámi kì í yìn ín, wọn kì í ra aṣọ tuntun fún un, kí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ọ̀run má baà mọ̀ pé a fẹ́ràn ẹ̀. Èmi ni wọ́n ń gbé jó.

Nígbà tí mo di nọ́ọ̀sì, mo ní kí gbogbo ilé ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. AS ni bàbá wa, AS ni màámi. Oyún tí irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS, ìyẹn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àbúrò mi? AA ni. Mo gbé ìwé àyẹ̀wò lé e lọ́wọ́, ó kà á, ó dá a padà fún mi. Ọmọ ọdún 41 ni báyìí. Kò láya, kò ra ilẹ̀, yàrá kan ló ń gbé. Ó ní òun ò mọ ọjọ́ tí wọ́n á pe òun. Tí ibà bá mú un, màámi, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, á kúnlẹ̀ máa bẹ̀ ẹ́.

Ẹlẹ́kọ Ìjẹ̀bú:
Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Bàbá Ìbejì:
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé. Kì í ṣe SS nìkan ló ń pa ọmọ láyé ìjọ́un o. Ibà wà, èèyi wà, ìgbóná wà kí wọ́n tó kéde ní 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn àgbà rí ikú, wọn ò rí ohun tó fà á, wọ́n fún un lórúkọ kí wọ́n lè bá a sọ̀rọ̀. Mi ò lè bú wọn.

Nọ́ọ̀sì Iléṣà:
Èmi náà ò bú wọn. Àbúrò mi ló ń dùn mí.

Télọ̀ Òṣogbo:
Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ti bi í rí orúkọ tó wù ú kí wọ́n máa pè é?

Nọ́ọ̀sì Iléṣà:
Rárá. Ọdún 41 rèé, mi ò bi í rí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá pè é.

Àgbà Ọ̀yọ́:
Èmi ò tíì gbà lórí ọ̀rọ̀ òsì o. Àmọ́ télọ̀, mo ní sányán kan tí mo fẹ́ rán fún ọdún. Màá gbé e wá sí Òṣogbo, màá sì jókòó tì ọ́. Ọwọ́ tó bá gún ni kí o fi gé e.

Àbẹ̀kẹ́ Ìlọrin:
Ẹ ò jẹ́ kí n sùn. Gàrí yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, eèrà ti bò ó. Wọ́n ti ń pe ìrun, ẹ jẹ́ kí n lọ gbá a.