Ẹ tún Home Alone wò: kí lẹ rí tẹ́ ẹ ò rí nígbà èwe?

Ìyá Tólú
Ẹ kú ọdún o. Àwọn ọmọ mi wo Home Alone lálẹ́ àná, fíìmù Kevin, ọmọ tí ẹbí rẹ̀ gbàgbé sílé nígbà Kérésì tó sì ń fi pàkúté lé olè méjì, Harry àti Marv. Mo bá jókòó tì wọ́n. Láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni mo ti ń wò ó, ṣùgbọ́n Kevin nìkan lojú mi máa ń wà lára. Lánàá, ìyá rẹ̀ ni mò ń wò. Harry olè tó wọ aṣọ ọlọ́pàá, tí obìnrin yìí ò rí rí, dúró nínú ilé rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ fún un: ọ̀la làwọn ń lọ sí Paris, iyèkan ọkọ òun tó wà níbẹ̀ ló ń náwó ẹ̀. Ọkọ dé, òun náà sọ ti àgádágodo, ó sọ ti iná tó ń tan fúnra ẹ̀. Kí ló kù? Kí wọ́n bá a di ẹrù! Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí?

Pákò
Eyín wúrà ẹnu ọlọ́pàá yẹn nìkan ti tó kéèyàn sá.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ọlọ́pàá dúró ní pálọ̀, àwọn ọmọ ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá bí ẹni pé òpó ni! Nílé tiwa, tí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn lásán, bàbá mi á ti wọ ṣòkòtò kejì lé àkọ́kọ́.

Bàbá Ìbejì
Ẹ fi ìyá yẹn sílẹ̀. Ẹ padà síbi tí Kevin ti fi orí kan Buzz ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní kíṣìnì. Mílíìkì dà sórí páálí ìrìnnà àti tíkẹ́ẹ̀tì. Bàbá wọn ń fi bébà nù ún, ó wá kó tíkẹ́ẹ̀tì kan mọ́ bébà tó ti rin, ó dà á sínú ìdọ̀tí. Ti Kevin ni! Kámẹ́rà fi hàn wá kedere, a ò wò ó. Ìdí nìyẹn tí tíkẹ́ẹ̀tì kan ò fi ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bú ìyá ọlọ́mọ, bàbá ló ṣe é.

Ìyá Tólú
Ẹ seun, bàbá. Màá fi èyí han ọkọ mi.

Sister Bùkọ́lá
Ẹ rọra o. Kí wọ́n gbàgbé ọmọ sẹ́yìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú fíìmù. Èmi tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti gbàgbé mi rí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. À ń ti Ìbàdàn lọ sí Iléṣà fún Kérésì, a dúró ní Ìkirè láti ra dòdò. Mo tẹ̀ lé ìyá tó ń tà á lọ sẹ́yìn ìsọ̀, mo fẹ́ rí bó ṣe ń dín in. Wọ́n ka ọmọ nínú ọkọ̀, iye pé. Iye ò ṣe ní í pé? Ọmọ ará ilé wa kan tó ní òun náà ń lọ sí Iléṣà ti bọ́ sínú ọkọ̀, òun ni wọ́n kà mọ́ wọn. Bí ọmọ aládùúgbò tó ń tú ẹrù inú ọkọ̀ nínú fíìmù yẹn, tí ọmọge tó ń ka àwọn ọmọ kà ní ipò Kevin, gẹ́lẹ́! Wọ́n dé Ifẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Mi ò sunkún o, ìyá yẹn gbé mi jókòó sórí kéréètì, ó ń fún mi ní dòdò. Nígbà tí màmá mi sáré padà dé, ìyá oní-dòdò kọ́kọ́ gba owó dòdò tí mo jẹ kó tó yọ̀ǹda mi.

Pákò
Sister, ẹ̀ ń parọ́. Láti Ìkirè dé Ifẹ̀, kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn?

Sister Bùkọ́lá
Orí ẹsẹ̀ èèyàn lèèyàn jókòó sí, Pákò. Ta ló fẹ́ ráyè wẹ̀yìn?

Ẹ̀gbọ́n Làmídì
Èmi ò tiẹ̀ fara mọ́ kíkà yẹn látìbẹ̀rẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ ò kà ló wà ní Ìkirè yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Làmídì
Ṣé wọn ò kà á ni? Wọ́n kà á, ó sì tún sọnù. Orúkọ ni kí wọ́n pè. Kí ẹ pe Bùkọ́lá, ta ni ì bá jẹ́ ẹ?

Bàbá Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n borí. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tí wọ́n rán lọ wo Kevin, ó kan ilẹ̀kùn, kò rí ẹnì kan, ó ní kí wọ́n lọ tún ọmọ wọn kà. Iṣẹ́ parí.

Akin Ṣíkágò
Ẹ jẹ́ n sọ ti iyọ̀. Ní Abẹ́òkúta, ẹ̀rù bàbá arúgbó Marley, aládùúgbò Kevin, máa ń bà mí ju olè lọ. Buzz ní òkú èèyàn ló ń fi iyọ̀ pa mọ́, èmi náà sì gbà pé ẹni tó bá ń wọ́n iyọ̀ sójú ọ̀nà lóru, nǹkan ló ń ṣe. Mo wá débí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí yìnyín bọ́, mo jí ní ìdájí, mo rí bàbá ilé kejì tó ń da iyọ̀ sí ẹnu ọ̀nà mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù! Yìnyín ló fẹ́ kó yọ́ kí n má baà ṣubú. Mo padà lọ wo ilé Kevin náà, Lincoln Avenue ní Winnetka, kò jìnnà sí wa. Ìta ló jẹ́ ilé gidi. Inú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ìwé kan tí wọn ò lò mọ́ ni wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú yàrá tẹ́ ẹ̀ ń rí sí.

Télọ̀ Òṣogbo
Ẹ wo àwọ̀ ilé yẹn. Pupa àti ewé, láti kọ́tìnnì dé bébà ara ògiri. Ta ló ń gbé inú Kérésì láti January?

Ìyá Tólú
Ẹ ò ní í sọ ti Uncle Frank ni? Nínú ọkọ̀ òfurufú, ìyá ń gbọ̀n, ọmọ ẹ̀ ti sọ nù, Frank ní tó bá máa tù ú nínú, òun náà gbàgbé gíláàsì ìkàwé òun.

Pákò
Gbogbo ẹbí ló ní Frank kan. Tiwa ń bọ̀ lọ́la, wọ́n ti ní ká má fọwọ́ kan itan adìẹ.

Nọ́ọ̀sì Yẹmí
Áyọ́ọ̀nù já láti òkè lu ìwájú orí Marv. Ó dìde. Iná jó Harry ní àtàrí. Ó dìde. Agolo ọ̀dà gbá àwọn méjèèjì. Wọ́n tún gun àtẹ̀gùn. Mi ò lè wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ mọ́, ojú iṣẹ́ ni mo fi ń wò ó.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Aláǹtakùn tó rìn lójú Marv, ààyè ni o. Daniel Stern tó ṣe Marv gbà kí wọ́n gbé e lé òun lójú lóòótọ́.

Nọ́ọ̀sì Yẹmí
Kí ni wọ́n san fún un?

Ẹ̀gbọ́n Làmídì
Ẹ̀yin ọmọdé, ẹnì kan ṣàlàyé fóònù fún mi. Wọ́n ní ìjì ti já wáyà fóònù, pé yóò gba ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ yìí wá fi kí ni pe oní píísà?

Bàbá Ìbejì
Wọ́n ti lè tún un ṣe kó tó pè.

Ẹ̀gbọ́n Làmídì
Tí wọ́n bá ti tún un ṣe, kí ló dé tí ìyá ẹ̀ ò fi rí i bá sọ̀rọ̀ láti Paris?

Bàbá Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n, fíìmù ni.

Ẹ̀gbọ́n Làmídì
Nígbà tó kan tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe fíìmù o.

Sister Bùkọ́lá
Mo ka gbogbo èyí fún màmá mi. Wọ́n ní àwọn ò gbàgbé mi, bàbá mi ló kà wá. Bàbá mi ní ta ló ní kí ọkọ̀ dúró ra dòdò. Wọn ò tíì dákẹ́ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Pákò
Dòdò náà ńkọ́, ó dùn?