Mò ń wá ìdí kíká fún ìbọn FAL àtijọ́ kan ní Kàdúná

Alátùn-únṣe, Kàdúná:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ títún ohun àtijọ́ ṣe ni mò ń ṣe ní Kàdúná níhìn-ín: ìlù tí awọ rẹ̀ ti ya, àpótí tí ikán ti jẹ, idà tó ti dípẹtà, àṣíborí ṣọ́jà. Lóṣù tó kọjá, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba kan pè mí pé kí n wá tún ìbọn kan ṣe kí wọ́n tó gbé e sínú àpótí onígíláàsì. Inú yàrá ìkẹ́rùsí wọn ni mo ti ń ṣe é, níṣojú òṣìṣẹ́ wọn, ìbọn náà kò sì jáde kúrò níbẹ̀ rí. FAL ni, èyí tí ilé-iṣẹ́ FN ní Herstal, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, ṣe fún àwọn ọmọ ogun tó ń fi parasúùtù bọ́ sílẹ̀ láti inú bàálù, tí ìdí rẹ̀, ìyẹn apá ẹ̀yìn tí ṣọ́jà ń fi ti èjìká, ṣeé ká sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ti jó ẹnu rẹ̀ dí, wọ́n sì ti yọ abẹ́rẹ́ tó ń gbá ìdí ọta, nítorí náà kò lè yìn mọ́.

Ìdí kíká yẹn gan-an ló sọnù. Híńjì rẹ̀ nìkan ló kù, ẹnì kan sì ti fi wáyà dè é mọ́ ara ìbọn bí ẹni de ẹsẹ̀ adìẹ lọ́jà. Mo kọ́kọ́ gba Panteka lọ, níbi tí a ti ń rí ẹ̀yà gbogbo nǹkan, láti orí ọ̀kadà dé orí ẹ̀rọ ìlọta. Bí mo ṣe fi fọ́tò tó wà lórí fóònù mi han bàbá Haúsá kan tí mo ti ń bá rajà tipẹ́, ó dá fóònù náà padà fún mi láìsọ nǹkan kan, ó sì kọjú sí oníbàárà tó kàn. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹnì kan lókè òkun tó ní ojúlówó wà lọ́wọ́ òun, pé “ẹ̀yà kẹ̀kẹ́” ni òun yóò kọ sára páálí tí òun bá ń fi í ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò balẹ̀ nínú mi.

Ṣé ìdí ìbọn SLR ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè wọ ojú rẹ̀? Bí kò bá lè wọ̀ ọ́, ibo ni ẹni tó fẹ́ ṣe é lọ́nà tó tọ́ ti lè rí ojúlówó?

Ajagun-fẹ̀yìntì, Kubwa:

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ọdún 22 ni mo fi tọ́jú ìbọn nínú iṣẹ́ ológun, kò sì sí ibi tí mi ò fọwọ́ kàn lára FAL. Ti SLR kọ́kọ́ ná: kò ní wọ̀ ọ́. Ọmọ ìyá ni SLR àti FAL, ṣùgbọ́n ínṣì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wọn tiwọn, mílímítà ni Bẹ́ljíọ̀mù fi wọn tirẹ̀. Àwọn ẹ̀yà kan bá ara mu, àwọn mìíràn kò bá ara mu. Àpò ọta FAL máa ń wọ inú SLR, ṣùgbọ́n ti SLR kì í wọ inú FAL. Ìdí tí kò ṣeé ká ló sì wà lára SLR ní tirẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ìdí kíká kì í ṣe ohun tí a kàn ń yọ tí a ń fi òmíràn rọ́pò. Nínú FAL tí ìdí rẹ̀ dúró gbọn-in, inú ìdí gan-an ni sípíríǹgì tó ń ti irin inú ìbọn padà síwájú wà, irin yẹn sì ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wọ inú ìdí lọ bá a. Ìdí tí yóò máa ká kò lè gba sípíríǹgì sínú, ìdí nìyí (ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kan náà ni) tí FN fi gbé e lọ sábẹ́ ìdérí òkè, tí wọ́n yọ ìrù irin náà kúrò, tí wọ́n sì yí ìdérí àti ẹ̀yìn ara ìsàlẹ̀ padà. Ẹni tó bá ra ìdí nìkan yóò rí i pé àwọn ẹ̀yà mìíràn ṣì ń dúró dè é. Ìwọ kò nílò èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyẹn, nítorí ohun wíwò ni tìrẹ.

Kí o tó kọ ohunkóhun sórí káàdì àfihàn, fi ìwọ̀n wọn ọ̀pá ẹnu rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 50.61 ní ọ̀pá 533 mm, 50.63 ní 436 mm. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀kan fún èkejì.

Bí ó bá jẹ́ pé ojúlówó ni wọ́n ń fẹ́ dandan, DICON, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ohun ìjà, tó wà ní Kàdúná tìrẹ yẹn ni kí wọ́n kọ̀wé sí. Ní 1964 ni ìjọba dá a sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ṣe FAL fún àwọn ọmọ ogun wa lábẹ́ orúkọ NR1. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni kó kọ ìwé náà o, kì í ṣe ìwọ.

Agbẹjọ́rò, Garki:

Ẹni tó fẹ́ kọ “ẹ̀yà kẹ̀kẹ́” sára páálí yẹn ń wá ẹni tí yóò bá a ṣẹ̀wọ̀n ni. Òfin ìbọn wa, tó ti wà láti 1959, tó sì wà ní Orí F28 nínú àkójọ òfin 2004, ka ìbọn ológun tí ọta rẹ̀ jẹ́ mílímítà 7.62, bíi FAL, mọ́ àwọn tí a fi léèwọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ. Kò sì parí sí odindi ìbọn: nínú ìtumọ̀ tí òfin náà fún “ìbọn”, ẹ̀yà ìbọn náà ìbọn ni. Lójú òfin, ẹni tó gba ìdí FAL nínú páálí ti gba FAL.

Ibi tí àwọn tó ń kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣìnà nìyí. Ní Amẹ́ríkà, ara irin kan tó ru nọ́ńbà ni òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kà sí ìbọn, ìyókù sì di irin lásán. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tú ìbọn àtijọ́ palẹ̀, tí wọ́n ń ta ìdí, ìdérí àti sípíríǹgì rẹ̀ bí ẹni ń ta ẹ̀yà Toyota. Ohun tó jẹ́ eré ìfọwọ́dárà lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀sùn ọ̀daràn ni níbí. Àdéhùn ECOWAS lórí ohun ìjà kékeré, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Abuja níbí ní 2006, kó ẹ̀yà mọ́ ohun ìjà bákan náà.

Bí ẹ ti ń ṣe é nínú ilé wọn yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ gba lẹ́tà tó sọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín, ẹ má sì gbé kódà híńjì yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ pa fọ́tò yẹn rẹ́ kúrò lórí fóònù, ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Kàdúná sí Abuja mọ ohun tí ṣọ́jà lè béèrè lọ́wọ́ ènìyàn níbi àyẹ̀wò.

Gbẹ́nàgbẹ́nà, Zaria:

Ẹ̀gbọ́n Alátùn-únṣe, ẹ jẹ́ kí a fi igi ṣe é. Mo ti fi igi ṣe irú rẹ̀ fún àwọn eléré orí ìtàgé, ẹni tó dúró ní ìgbésẹ̀ méjì sí i kò mọ̀ pé kì í ṣe irin. Ọ̀pá méjì ni ìdí yẹn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ tó dagun, àwo kan sì so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn, bí férémù kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gé ní ìdajì. Ẹ yí igi tó gbẹ dáadáa di ọ̀pá. Igi tútù yóò wọ́ nígbà ọyẹ́, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọyẹ́ Kàdúná ń fi ojú igi rí. Ẹ fi sánpépà dán an títí ojú igi yóò fi pa rẹ́, ẹ kùn ún ní ọ̀dà dúdú tí kò dán, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ ha inú pẹ́ńsù sórí bébà, ẹ fi ìka tẹ ìyẹ̀fun rẹ̀, kí ẹ máa fi pa á lára ní etí àti ní ibi tí ọwọ́ ṣọ́jà ìbá ti máa kàn án, àní ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ìbá ti fara ti i. Ibẹ̀ ni igi yóò ti di irin lójú yín.

Ẹ kọ “àfarawé” àti ọdún tí ẹ ṣe é sí inú àwo ẹ̀yìn. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojúlówó. Òwú dúdú ni kí ẹ fi so ó, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lè tú u. Ẹ má sì fi sánpépà kan híńjì àtijọ́ yẹn rárá, òróró fẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ jẹ́jẹ́ ti tó o.

Alátùn-únṣe, Kàdúná:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo fi ìwọ̀n wọn ọ̀pá náà lánàá: 436 mm, 50.63 ni, káàdì tí wọ́n ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì sọ ohun mìíràn. Mo ti dá ẹni “ẹ̀yà kẹ̀kẹ́” yẹn lóhùn pé mi ò rà, mo sì ti pa fọ́tò náà rẹ́. Ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbà láti kọ̀wé sí DICON, ṣùgbọ́n ó ní kí a má gbé ìdí onígi sára rẹ̀ ná. Ohun tó fẹ́ ni kí n fi ọ̀dà funfun ya ojú ìlà ìdí tó sọnù sára pátákó ẹ̀yìn àpótí náà, kí ẹni tó ń wò ó rí ibi tó yẹ kó wà. Ṣé ẹ rò pé ó dára kí n yà á ní ṣíṣí, tàbí ní kíká?

Ajagun-fẹ̀yìntì, Kubwa:

Yà á ní ṣíṣí. Apá ọ̀tún ni ó ń ká sí, bí ẹ bá sì kọ ẹ̀gbẹ́ òsì ìbọn sójú gíláàsì, níbi tí irin tí wọ́n fi ń kì í wà, ẹni tó ń wò ó kò ní rí kíká náà rárá.