Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé irú wáìnì tí mo fẹ́?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ṣọ́ọ̀bù wáìnì kan wà ládùúgbò mi tí àwọn tó ń tajà níbẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn dunjú, ìmọ̀ wọn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, wọ́n bi mí pé irú èwo ni mo ń fẹ́. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo kàn nawọ́ sí ìgò tó rẹwà jù, mo sanwó, mo bẹ́sẹ̀ mi sọ̀rọ̀. (Títí di òní, mi ò tíì ṣí i.)

Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú ni pé wáìnì pupa kan tí wọ́n ń pè ní Cabernet Sauvignon tí mo mu rí gbẹ mí lẹ́nu bí ẹni jẹ èso tí kò pọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ní tannin, ìyẹn èròjà tó ń gbẹni lẹ́nu nínú èèpo àti kóró àjàrà, ló fà á, pé Pinot Noir, tóun náà jẹ́ wáìnì pupa, sábà máa ń rọ̀ jù ú lọ. Ṣé kí n lo irú orúkọ bẹ́ẹ̀ níwájú wọn, àbí kí n kàn sọ pé mi ò fẹ́ èyí tó ń gbẹni lẹ́nu? Owó ńkọ́? Ṣé kí n tètè sọ iye tí mo fẹ́ ná, àbí wọ́n á fojú tín-ín-rín mi?