Orin ìwé ẹlẹ́sẹ mẹ́fà há sójú slide kan: báwo la ṣe ń pín in ní ẹsẹ-ẹsẹ?

OloyemekunChoir
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Orin ìwé ẹlẹ́sẹ mẹ́fà ni, ìlà mẹ́rin-mẹ́rin, ègbè kan ṣoṣo lẹ́yìn ẹsẹ kìíní. Ojú slide kan ni gbogbo rẹ̀ wà, PowerPoint sì ti sọ lẹ́tà di tín-ń-tín, ará ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kò lè kà á. Ẹsẹ kan, slide kan la fẹ́, kí ègbè máa tẹ̀ lé ìkọ̀ọ̀kan. Ṣé ọ̀nà kan wà tó yá ju ká máa gé e ká máa lẹ̀ ẹ́ lọ? PowerPoint 2016 la ń lò ní Akúrẹ́ níbí.

TisaAlagbaka
Outline View ni ẹ ń wá. Ẹ lọ sí View, ẹ tẹ Outline View. Ọ̀rọ̀ orí slide á tò sápá òsì, ibẹ̀ sì ni ẹ ó ti ṣiṣẹ́.

Ègbè ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, nígbà tí gbogbo orin ṣì wà lójú kan. Ẹ kọ́pì ìlà ègbè, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ẹsẹ 2 títí dé 6. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ iwájú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ẹsẹ kejì, ẹ tẹ Enter, ìlà òfìfo kan á yọ lókè rẹ̀. Ẹ padà sórí ìlà òfìfo yẹn, ẹ kọ "Ẹsẹ 2", kí ẹ tẹ Shift+Tab. "Ẹsẹ 2" á di àkọlé slide tuntun, gbogbo ìlà tó wà nísàlẹ̀ á bá a lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ègbè náà, títí tí ẹ ó fi ní slide 12.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n ń tẹ Shift+Tab lórí ìlà kìíní ẹsẹ fúnra rẹ̀. Ìlà yẹn á di àkọlé, mẹ́ta péré á ṣẹ́ kù sábẹ́ rẹ̀. Ctrl+Z ni àtúnṣe. Ẹ má sì tẹ Tab lórí àkọlé, nítorí ńṣe ni slide yẹn á wọ inú èyí tó ṣáájú rẹ̀.

OmoEkimogun
Láti Oǹdó, ẹ kú ìjíròrò. Tí Shift+Tab bá gbé odindi orin di àkọlé, Shift+Enter ni wọ́n fi ya àwọn ìlà, bí ó ti sábà máa ń rí tí a bá kọ́pì orin láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lójú PowerPoint, ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sínú Word, ẹ tẹ Ctrl+H, ẹ fi ^l sí Find what, ^p sí Replace with, kí ẹ tẹ Replace All. Ẹ wá dá a padà.

Tí Outline bá sì ṣófo, inú Text Box lásán lọ̀rọ̀ wà, Outline kì í rí i. Ẹ ṣí slide tuntun oní Title and Content, kí ẹ kó ọ̀rọ̀ náà sínú àpótí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

OloyemekunChoir
Ẹ ṣeun gan-an. Àmì kékeré kan ń yọ nísàlẹ̀ àpótí náà, ó ní "Split Text Between Two Slides". Ṣé ìyẹn kò tó?

TisaAlagbaka
Kò tó fún orin. Méjì péré ló ń pín in sí, kò sì mọ ibi tí ẹsẹ parí, ó lè gé ẹsẹ sí méjì. Fún ìwàásù tàbí ìkéde, ó dára.

OmoEkimogun
Lẹ́yìn pípín, tí lẹ́tà bá ṣì kéré, ẹnìkan ti fọwọ́ dín in kù tẹ́lẹ̀. Ẹ yan gbogbo slide, kí ẹ tẹ Reset lábẹ́ Home. Inú View, Slide Master, ni kí ẹ ti sọ lẹ́tà di 40 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti sọ àkọlé di 18, kí ẹ fà á sí igun, kí "Ẹsẹ 2" má baà gba ààyè orin.