Kí ló dé tí ṣáàkì Greenland ń pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀ tí àfòpiná ò sì pẹ́ rárá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹranko, ẹ gbà mí o. Mo fẹ́ ṣàlàyé fáwọn ọmọ kíláàsì mi ìdí tí ẹ̀dá kan fi ń pẹ́ láyé ju òmíì lọ, mo wá mú ṣáàkì Greenland àti àfòpiná tó ń ṣe sílíìkì, Bombyx mori.

Ṣáàkì yẹn, inú omi tútù níhà àríwá ayé ló ń gbé, lọ́dún 2016 làwọn onímọ̀ yẹ ẹyinjú ẹ̀ wò, wọ́n ní èyí tó dàgbà jù nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò á ti lo ọdún 272 ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ ó máa tó nǹkan bí ọdún 150 kó tó lè bímọ! Ìyàlẹ́nu gidi ni.

Àfòpiná ní tiẹ̀, tó bá ti jáde nínú òwú tó fi bora, kì í jẹun mọ́, kò sì lè fò, akọ á kàn máa gbọn ìyẹ́ pẹ̀pẹ̀pẹ̀ wá abo kiri, abo á yé ẹyin ọgọ́rùn-ún mélòó kan, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì wọ́n ti kú.

Ṣé otútù omi nìkan ló fà á ni, àbí bí ara ṣáàkì ṣe ń rọra ṣiṣẹ́? Àti pé, ṣé kí n ka ọjọ́ orí àfòpiná látìgbà tó ṣì jẹ́ kòkòrò tó ń jẹ ewé mulberry? Lójú tèmi, ká ka ọjọ́ tó fi ní ìyẹ́ nìkan, ìrẹ́jẹ ni. Ta ló lè bá mi ṣàlàyé ẹ̀ lọ́nà tó máa yé ọmọ ọdún 10?