Dairẹ́kítọ̀ ní mò ń sùn lẹ́nu ọ̀rọ̀, ẹ gbà mí o

Ẹ̀yin àgbà inú gúrúùpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti àná ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ìdájí ni mo kúrò ní Òkè-Fìà lọ sí lókéṣọ̀n, ibi tí a ti ń ya fíìmù, lọ́nà Ìkìrun. Owó ọkọ̀, èmi. Aṣọ àti gèlè, èmi. Aago mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó gbé ìrẹsì dé, ó sì ti tutù. Ìgbà tó wá kan sínì mi, ìyẹn apá eré tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni dairẹ́kítọ̀ pariwo “kọ́tì!”, pé ká dúró. Ó ní mò ń sùn lẹ́nu ọ̀rọ̀, lójú gbogbo èèyàn! Bẹ́ẹ̀ ṣe ni mo dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ èèyàn lára. Alaalẹ́ ni mò ń fi dánra wò nílé. Ṣé kí n fi ọ̀gá yẹn sílẹ̀ ni?

Ìyá Ṣadé: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Èmi náà gbe ègbè lẹ́yìn eléré rí. Wọ́n lé mi torí pé mo rẹ́rìn-ín. Mo wá lọ ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, ọkàn mi balẹ̀.

Ọmọ Òròkí: O ò sọ ohun tó wà nínú sínì, o ò sọ ẹni tí ẹ jọ ṣe é, ìrẹsì tútù lo rántí.

Bàbá Eléré: Ọmọdé tó ń yọjú lójú fèrèsé ni mí nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Mbari Mbayo, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ níbí ní Òṣogbo ní 1962. Lórí ìtàgé, bí èrò bá bú sẹ́rìn-ín, òṣèré á dúró. Ẹ̀rín á rọlẹ̀ díẹ̀, kò ní jẹ́ kó tán pátápátá kó tó sọ̀rọ̀. Dákẹ́ dáadáa, má kánjú.

Ẹdítọ̀ Ìgbóǹnà: Ẹ má bínú sà, ta ló ń rẹ́rìn-ín ní lókéṣọ̀n? Àǹtí, ṣé ojú yín nìkan ni kámẹ́rà ń yà, àbí ẹ̀yin méjèèjì? Bó bá jẹ́ ojú yín nìkan, mo lè gé ìdákẹ́ náà kúrú, kí n fi ojú ẹnìkejì bò ó. Bí ẹ bá jọ wà nínú àwòrán kan náà, mi ò ríbi gé e.

Bàbá Eléré: Ìtàgé ló bí fíìmù o!

Ẹdítọ̀ Ìgbóǹnà: Mi ò bá yín jà sà. Ohun tí ojú mi ń rí nídìí kọ̀ǹpútà ni mò ń sọ.

Ẹni tó béèrè: Àwa méjèèjì ni. Nínú eré náà, ọkọ ń sọ fún mi pé òun ti ta ilé. Ẹ má sì rò pé mi ò ṣiṣẹ́ o! Mo máa ń gba ọ̀rọ̀ ọkọ sílẹ̀ sórí fóònù, màá fi àyè sílẹ̀ fún tèmi. Bí mo ṣe ń kà á nílé, ení, èjì, ẹ̀ta, kí n tó fèsì, náà ni mo ṣe é níbẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọmọ Òròkí: Háà! Kíkà lò ń kà?

Ẹdítọ̀ Ìgbóǹnà: Bí kíkà yẹn bá gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, fíréèmù, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan, 75 nìyẹn, bí a bá ń ya 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. 75 tí ojú ò ṣe nǹkan kan!

Àbẹ̀kẹ́: Wọ́n ta ilé mọ́ ọ lórí, ò ń ka ení, èjì? O ò gbọ́ ọkọ rárá nìyẹn. Pa fóònù tì. Wá ẹni tí á máa ka tọkọ fún ọ, kó yára lónìí, kó fà á lọ́la. Mú ọ̀rọ̀ tó gún ọ jù níbẹ̀. Láti orí ọ̀rọ̀ yẹn ni kí inú rẹ ti máa dáhùn, kódà kó tó sọ tán. Nígbà náà, bí o bá dákẹ́, a óò rí i pé o fẹ́ sọ nǹkan, o gbé e mì.

Ẹdítọ̀ Ìgbóǹnà: Ẹ má kàn já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ojú. Ohùn á dàpọ̀, mi ò ní lè yà á.

Ẹni tó béèrè: Ta ni kí n bẹ̀? Ọkọ mi ò fẹ́ gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí. Àbúrò mi wà ní Ayétòrò, àmọ́ bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń rín.

Bàbá Eléré: Jẹ́ kó rín in. Dúró dè é.